Mo Sọ fún Wọn pé Nọ́ńbà Náà Kò Yí Padà

Verna Dueck ni orúkọ mi. Mo lè fi orúkọ mìíràn bò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ ló ti mọ̀. Ohun tó kù ni kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Nílé wa, èmi ni wọ́n ń bi. Ọdún wo la pààrọ̀ òrùlé? Ọmọ wo ni eyín rẹ̀ kọ́kọ́ yọ? Ìgbà wo la sin ìyá Lorne? Lorne ni ọkọ mi, kò sì lè sọ ọjọ́ ìgbéyàwó wa láìwo ojú mi. Mo ní ìwé kékeré méjìdínlógún nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀ ló kún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ mi. N kò lọ sí yunifásítì. Ìwé tí mo yá ní ilé ìkàwé ìlú wa, Steinbach, ni mo fi kọ́ C, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lórí tábìlì ìjẹun, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé ẹ̀kọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àpótí kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ń kàn mọ́ ògiri abà adìẹ kó lè máa bá wọn ṣọ́ ooru.

Ètò mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí náà. Ọ̀kan ń wọn ooru. Ìkejì ń kọ ọ́ sójú gíláàsì kí àgbẹ̀ lè rí i. Ìkẹta ń lu agogo ìkìlọ̀, ó sì ń pe fóònù àgbẹ̀, bí ooru bá ti kọjá bó ṣe yẹ. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ tèmi. Ti agogo jẹ́ ti Trudie Hiebert.

Àwọn ètò yìí kì í ríra wọn. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ síra wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà náà, nọ́ńbà ni wọ́n tò sínú àyè, àyè kan lẹ́yìn èkejì, láìsí àkọlé lórí ìkankan. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àyè kejì ni ooru inú abà, pé àyè kẹta ni bí fáànù ṣe ń yára tó. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá tún un tò tí ẹni tó ń kà á kò gbọ́, yóò máa ka ohun mìíràn, ara kò sì ní fu ú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan àyè kìíní fún nọ́ńbà ẹ̀dà. Bí ìtò lẹ́tà bá yí padà, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ gòkè. Bí ètò Trudie bá rí nọ́ńbà tí kò mọ̀, kò ní ka ìyókù. Agogo ni yóò máa lù títí ẹnìkan yóò fi wá tún un ṣe.

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ nọ́ńbà yẹn. Garth Penner, ọ̀gá wa, ló gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Verna kì í gbàgbé," ló wí.

"Ẹ bi í wò," ni Trudie sọ. "Ó mọ ohun tí mo jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ibí."

"Búrẹ́dì àti ẹyin," ni mo dáhùn. "O ní iyọ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹ ò rí nǹkan. Ọjọ́ tí obìnrin yìí bá di ọ̀tá yín, ẹ tètè kó ẹrù yín."

Òfin tó wà lórí yíyí nọ́ńbà náà le. Gbogbo wa ni yóò jókòó sí tábìlì kan. Oníkálukú yóò tún ètò tirẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn náà, àpótí yóò lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú abà ìdánwò, láàárín adìẹ tó ń mí, kí a tó fi í ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà kò bá yí padà, ọjọ́ kan péré lórí tábìlì wa ti tó.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, a kúrò ní ẹ̀dà kẹfà bọ́ sí ìkeje, nítorí àwọn fáànù tuntun tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ lò.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀?" Garth bi mí.

"Gbogbo ẹ̀."

"Kó dá ẹ lójú o," ni Trudie wí. "Mi ò tún fẹ́ bá adìẹ gbé fọ́jọ́ mẹ́wàá mọ́ lọ́dún yìí. Òórùn yẹn ò tíì kúrò nínú irun mi."

"O ò ní bá wọn gbé mọ́," mo sọ fún un.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, mo rí i pé mo ti gbàgbé nǹkan kan. Àwọn fáànù tuntun gbọ́dọ̀ mọ bí ooru ṣe tó níta abà. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi béèrè iṣẹ́ náà, ìlà kẹta. Mo ti fò ó.

Mo jókòó. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n dìde, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà Garth, kí n sọ pé: mo gbàgbé, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìkẹjọ. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Wọn ò ní nà mí. Trudie yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo ní ni pé n kì í gbàgbé. N kò ní òmíràn.

Mo tún wo lẹ́tà náà. Àyè kẹrin ṣófo. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi nǹkan kan kún un, gígùn lẹ́tà kò ní yí padà. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ká ní àyè òfìfo yẹn gan-an ni mo fi ooru ìta sí, kì bá tí pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwà mi ni kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan tò. Ìta ló máa ń ṣáájú inú bí èèyàn bá ń wọlé, nítorí náà mo fi ooru ìta sí àyè kejì, mo ti ooru inú sí ìkẹta, mo sì ti fáànù sí ìkẹrin. Ó lẹ́wà lójú mi.

Mo tún ètò tèmi méjèèjì ṣe kí wọ́n lè bá a mu. Ti Trudie tó wà nínú àpótí ń bẹ bó ṣe wà, ìtò àtijọ́ ló mọ̀. Nọ́ńbà náà, mo fi í sílẹ̀ ní méje.

A ní ìwé àkọsílẹ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà tí oníkálukú ń kọ ohun tó bá yí padà sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo tún ìlà tò."

Ní ọjọ́ kejì, a dán an wò lórí tábìlì. Irin méjì ló ń wọn ooru, ọ̀kan fún inú, ọ̀kan fún ìta. Àwọn méjèèjì sùn ti ara wọn lórí tábìlì kan náà, nínú yàrá kan náà. Ọ̀kan kà mọ́kànlélógún, èkejì kà mọ́kànlélógún. Ètò Trudie ń ka ooru ìta, ó rò pé inú ni, ìdáhùn rẹ̀ sì tọ̀nà.

Mo sọ fún ara mi pé màá sọ fún un ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun Trudie kò wá síbi iṣẹ́. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, àwọn àpótí náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti àná.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje. Ooru ìta jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nínú abà Ọ̀gbẹ́ni Alvin Toews, lẹ́bàá ìlú Kleefeld, iná tó ń lọ sára fáànù já lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Àwọn fáànù dúró. Adìẹ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, ló wà nínú rẹ̀.

Agogo wọn yẹ kó dún bí ooru bá ti di márùndínlógójì. Ooru inú abà dé mẹ́tàlélógójì. Ọ̀gbẹ́ni Toews ń gé koríko nínú oko, ó ń rí òrùlé abà láti ibi tó wà, fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Kò dún. Ètò agogo ń ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì rò pé ara tu àwọn adìẹ náà.

Garth ló lọ wò ó lẹ́yìn tí àwọn adìẹ náà kú. Nígbà tó padà dé, ó jókòó láìbọ́ bàtà.

"Gíláàsì ń kọ mẹ́tàlélógójì," ó sọ fún wa. "Èmi fúnra mi ló kà á. Agogo ò sì dún."

Gbogbo wa wo Trudie.

"Trudie, báwo ni agogo ṣe máa rí mẹ́tàlélógójì tí ò ní dún?"

"Mi ò mọ̀."

"Ronú sí i."

"Mo ń ronú, Garth. Mi ò mọ̀."

Garth yíjú sí mi. "Verna, lẹ́tà yẹn ńkọ́? Ṣé nọ́ńbà ẹ̀ yí padà lẹ́yìn tá a bọ́ sí méje?"

Mo ti mọ̀ nígbà náà. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tó ti pe mẹ́tàlélógójì. Mo tẹ́tí sí ara mi bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn láti yàrá kejì.

"Nọ́ńbà náà kò yí padà," ni mo wí. "Méje ni. Méje náà ni ètò Trudie ń retí."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Òótọ́ ni mo fi pa irọ́ náà.

Trudie mi orí. "A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi wá àṣìṣe tí kò ṣe. Ó tẹ gbogbo ètò rẹ̀ sórí ìwé, ó ń fi pẹ́ńsùlù pupa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó tún burú ni pé nígbàkígbà tó bá tún un kọ́ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ètò náà máa ń mú ìtò tuntun tí mo ti kọ sínú fáìlì tí gbogbo wa jọ ń lò, agogo a sì dún bó ṣe yẹ.

"Níbí ó ń dún," ó sọ fún mi. "Nínú abà kò dún. Ohun kan náà. Verna, ṣé orí mi ń dàrú ni?"

"Ooru ló mú ẹ. Sinmi díẹ̀."

"Bá mi ka ojú ìwé yìí. Ojú ẹ dáa ju tèmi lọ."

Mo gbà á, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láti wò ó bóyá ó ti tì í. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á bi mí pé, "Ṣé mi ò tíì sọ èyí fún ẹ tẹ́lẹ̀?" Kò tíì sọ ọ́. Mo máa ń sọ fún un pé kò tíì sọ ọ́.

Nílé, Lorne fi ṣíbí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Kí ló ń ṣe ẹ́? O ò kọ nǹkan kan sínú ìwé ẹ látoṣù tó kọjá."

"Kò sí nǹkan."

"Trudie ńkọ́? Wọ́n ní iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ó mà ṣe o. Òun ló bá ẹ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà ẹ́ síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ni."

Ó tún mú ṣíbí rẹ̀. "Mi ò bi ẹ́ léèrè ọjọ́," ló wí.

Ẹ lè máa rò pé n kò rí oorun sùn. Mo sùn dáadáa. Mo jẹun. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé tó sì ti kú: o mọ̀ pé tìrẹ ni, o lè gbé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n gún.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ, Garth sọ fún Trudie pé ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún un.

"Mi ò bá ẹ jà," ni Trudie wí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo di ìwé kan mú. "Ṣùgbọ́n ṣe ohun kan fún mi. Àpótí tó wà lára ògiri Ọ̀gbẹ́ni Toews, òun gan-an ni mo fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tún un kọ́. Kí wọ́n gbé e wá bó ṣe wà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wò ó lójú kí n tó lọ."

Mo láǹfààní láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé láti sọ̀rọ̀. N kò sọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Toews fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí náà wá nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àgbà ọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó bọ́ fìlà nígbà tó wọlé. Garth ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ dúró.

Trudie fi iná sí àpótí náà. Ó mú irin inú abà, ó tì í bọ inú kọ́ọ̀pù kọfí rẹ̀ tó ń gbóná. Nọ́ńbà tó wà lójú gíláàsì gòkè. Ogójì. Àádọ́ta. Agogo kò dún.

"Trudie," ni Garth wí, "a ti mọ èyí."

"Dúró."

Ó yọ ọ́, ó nù ún sára ṣòkòtò rẹ̀. Ó mú irin kejì, ti ìta, tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún. Ó tì í bọ inú kọfí.

Agogo dún. Ó pariwo débi pé Ọ̀gbẹ́ni Toews fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Trudie yọ irin náà, ó dúró kó tutù. Agogo dákẹ́. Trudie tún tì í bọ inú kọfí. Ó tún dún.

"Ìta ló ń kà," ó wí jẹ́ẹ́. "Látijọ́ yìí, ìta lètò mi ń kà."

"Báwo ló ṣe máa ka ìta?"

"Nínú lẹ́tà kẹfà, ìta ò sí. Nínú ìkeje tí wọ́n fún mi, ìta ò sí níbẹ̀. Mo ní i lórí ìwé."

"Ó wà níbẹ̀," ni Garth wí. "Verna ní gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Trudie fa kọ̀ǹpútà súnmọ́ra. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Láti ọ̀sẹ̀ méje, àkọsílẹ̀ ètò tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Kí ló fẹ́ wá nínú tèmi, nígbà tí nọ́ńbà bára mu? Torí kéèyàn má baà ní láti wò ó ni nọ́ńbà ṣe wà. Ìka rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ó dúró.

"'Mo tún ìlà tò,'" ló kà. "Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún." Ó yí àga rẹ̀ padà. "Verna, mélòó ni nọ́ńbà náà kó o tó tún ìlà yìí tò?"

"Méje."

"Lẹ́yìn tó o tún un tò ńkọ́?"

"Méje."

Garth ní, "Mo bi ẹ́. Níbí yìí. Lójú gbogbo wa."

"Ohun tó o bi mí ni bóyá nọ́ńbà yí padà," ni mo dáhùn.

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni wọ́n ṣì ń sọ nípa mi títí di òní, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

Ọ̀gbẹ́ni Toews ń yí fìlà lọ́wọ́. "Ẹ dákun," ó wí, "ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ò yé mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ọ̀kan lọ. Ṣé ẹnìkan mọ̀?"

Garth la ẹnu. Mo ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni, Ọ̀gbẹ́ni Toews. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí adìẹ yín kú. Mo dákẹ́."

Ó dé fìlà rẹ̀. "Èmi àti ọmọ mi obìnrin la kó wọn jáde," ló wí. "Ọjọ́ méjì ló gbà wá." Lẹ́yìn náà ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó fi àpótí náà sílẹ̀ lórí tábìlì, a sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mo ti kó ẹrù mi kúrò kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó gbà yín gbọ́ débi pé kì í tú ohun tí ẹ bá dì fún un wò. Àmì tí ẹ fi sí ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Bí ohun inú rẹ̀ bá yí padà, ẹ pààrọ̀ àmì náà, kódà bí ojú yóò bá tì yín. Mo gba ara mi lọ́wọ́ ìtìjú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ná ẹlòmíràn ni mo fẹ́ sọ parí.

Garth bẹ Trudie pé kó padà síbi iṣẹ́. Kò padà. Ní oṣù kẹwàá, mo lọ sílé rẹ̀. Ó ń se èso ápù fún ìpamọ́, ilé gbóná, ìgò kún orí tábìlì. Ó fún mi ní àga.

"Mo wá tọrọ àforíjì," mo wí.

"Mo ti dárí jì ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni, pásítọ̀ ò tíì dé ìdajì ìwàásù ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, èmi àti ìwọ." Ó ń fi aṣọ nu etí ìgò. "Ìyẹn ò le."

"Garth ní o ò fẹ́ padà."

"Mi ò lè ṣe é mọ́, Verna. Màá kọ ìlà kan, màá kà á. Ó dáa. Mo mọ̀ pé ó dáa. Màá tún un kà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ojú mi á máa sọ fún mi pé ó dáa, mi ò sì ní gba ojú mi gbọ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí. "Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọ dáadáa."

A mu tíì. Ó bi mí nípa Lorne. Nígbà tí mo dìde, ó mú aṣọ òtútù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé ìgò méjì lọ fún aládùúgbò òun, ká jọ jáde. A dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ló bá dúró.

"Bá mi wo sítóòfù yẹn. Ṣé mo ti pa á?"

Mo padà dé ẹnu ilé ìdáná, mo wò ó. Bọ́tìnnì mẹ́rin, gbogbo wọn wà ní pípa. Mo tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

"O ti pa á."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni."

"O ṣé," ló wí.

Ó gbé ìgò sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọ ilé ìdáná, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àwọn bọ́tìnnì náà, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́.